Ẹ Yẹ Òṣùwọ̀n Wò Kí Ẹ Tó Pe Ọmọ Wa Ní Olódo

Gbogbo ọmọ Yorùbá ìlú Minna, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Bosso, Tunga, Chanchaga, Kpakungu títí dé Maitumbi, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Ẹni tí oníbàárà bá dúró dè, kó kọ́kọ́ dá a lóhùn ná.

Níbi ìpàdé wa tó kọjá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá á rántí, bàbá kan dìde, wọ́n ní ìjọba ṣe dáadáa bí wọ́n ṣe ní kí àwọn olùkọ́ má fi èdè abínibí kọ́ ọmọ mọ́. Wọ́n ní Yorùbá tí à ń sọ sí àwọn ọmọ létí nílé ló ń jẹ́ kí wọ́n máa fìdí rẹmi nínú WAEC, NECO àti JAMB. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Àwa kan dákẹ́, torí àgbà ni bàbá, a ò sì fẹ́ ta kò wọ́n ní gbangba. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ń jẹ wá lọ́kàn. Ibí yìí la ti fẹ́ dá bàbá lóhùn, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bàbá, ẹ má bínú sí wa, ọ̀rọ̀ náà kò rí bí ẹ ṣe sọ ọ́.

Ìwé mẹ́wàá la kà, a ò dé yunifásítì, nítorí náà ohun tí a mọ̀ la ó fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ọjà. Ní Minna níbí, múdù la fi ń wọn ìrẹsì, ẹ̀wà àti gàrí. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà dé, kóńgò ló mọ̀. Bó bá ń fi iye owó kóńgò ná múdù, kò sẹ́ni tó máa sọ pé kò mọ ìṣirò. Òṣùwọ̀n ni kò bára mu. Gbogbo wa náà la sì mọ àwọn tó ń lu ìdí òṣùwọ̀n wọnú, àti àwọn tó ń yọ́ àbẹ́là sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. (A ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o, kálukú mọ ara ẹ̀.) Bí a bá ra àpò ìrẹsì kan, tí a wọ̀n ọ́n tí kò pé, kí la kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò? Òṣùwọ̀n ni. Ìgbà tó bá dá wa lójú pé òṣùwọ̀n pé la tó lè lọ bá ẹni tó ta àpò náà.

Òṣùwọ̀n ni ìdánwò. A ò fi ṣe àwàdà o. Kí NECO tó dé, àjọ kan wà tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1992, orúkọ ẹ̀ ni National Board for Educational Measurement. Wíwọ̀n ló wà nínú orúkọ yẹn. Oṣù kẹrin ọdún 1999, nígbà tí Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar, ọmọ ìlú yìí, wà lórí àlééfà, ni wọ́n dá NECO sílẹ̀, tó sì gba iṣẹ́ àjọ náà ṣe. Olú ilé iṣẹ́ wọn ló wà lójú ọ̀nà Bida yẹn, tí à ń gba iwájú ẹ̀ kọjá. Nínú gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà káàkiri Nàìjíríà, àwa la sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe òṣùwọ̀n yìí jù. Bí a ò bá bèèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ta ni kó bèèrè?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Aláùsá, kéde pé ìjọba ti fagi lé ìlànà tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ nílé ìwé. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé àwọn agbègbè tí wọ́n ti lo èdè abínibí jù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò mẹ́ta tí a dárúkọ lókè yìí.

Ẹ bá wa ṣírò ẹ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà fọwọ́ sí ìlànà náà. Ká ní ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ pírámárì kìíní ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, tí olùkọ́ rẹ̀ sì tẹ̀ lé ìlànà yẹn láìyẹsẹ̀. Kíláàsì wo ló wà ní 2025? Pírámárì kẹta, bó pẹ́ tán, kẹrin. Ọmọ tó jókòó fún WAEC ní 2025 ti jáde pírámárì kí ìlànà náà tó délẹ̀ rárá. Òjò tí kò tíì rọ̀ ni wọ́n ń sọ pé ó ba aṣọ jẹ́.

Ẹnìkan lè sọ pé ìlànà àtijọ́ ti wà, láti 1977, tó ní kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ àwọn kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni, orí bébà ló wà. Nínú àwọn ilé ìwé aládàáni tí à ń sanwó fún nílùú yìí, èwo ló ṣe é? Èyí tí àwa mọ̀ ni pé bí ọmọ bá sọ Yorùbá, Hausa tàbí Gbagyi nínú kíláàsì, wọ́n á gbé pátákó kọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n á ní ó sọ «vernacular».

Ẹ wá jẹ́ ká wo òṣùwọ̀n fúnra ẹ̀ ní ọdún 2025 kan náà yẹn.

Oṣù karùn-ún, JAMB gbé èsì jáde. Nínú nǹkan bí mílíọ̀nù kan ó lé ẹgbẹ̀rún lọ́nà 950 ọmọ, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ ni kò gba 200. Ariwo sọ. Wọ́n ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í kàwé, TikTok ni wọ́n ń wò. Àwa náà wà nínú àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀, a bú àwọn ọmọ wa nílé. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, ọ̀gá JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, jáde ní ojú gbogbo ayé, ó ń sunkún, ó ń tọrọ àforíjì. Àtúnṣe kan wà tó yẹ kí wọ́n ṣe sí orí gbogbo kọ̀ǹpútà tó ń gba ìdáhùn àwọn ọmọ. Wọ́n ṣe é ní apá kan, wọn ò ṣe é sórí èyí tó wà fún Èkó àti ìpínlẹ̀ márààrún ilẹ̀ Ìgbò. Ibùdó ìdánwò 157 ló kàn. Ọmọ 379,997 ni wọ́n ní kí wọ́n wá tún ìdánwò ṣe. Nínú wọn, àwọn tó wà ní Èkó nìkan jẹ́ 206,610. Ṣé ẹ rántí iye tẹ́lífóònù tí à ń gbà látọ̀dọ̀ àwọn ará wa l'Ékòó lọ́sẹ̀ yẹn? A yìn ọ̀gá náà pé ó jẹ́wọ́, ẹlòmíì á bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí ohun tó jẹ́ kí àṣìṣe náà hàn: àwọn ọmọ àti àwọn olùkọ́ ló figbe ta. Ká ní wọ́n dákẹ́, olódo ni gbogbo wọn ìbá jẹ́ títí dòní.

Ẹ̀rín ò tíì tán lẹ́nu àwọn tó ń fi JAMB rẹ́rìn-ín tí ti WAEC náà fi dé. Nínú oṣù kẹjọ, WAEC ní àwọn tó gba kírẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò jẹ́ 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún. Ilé gbóná. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan wọ́n ti ojú ibi tí wọ́n ti ń wo èsì pa. Nígbà tí wọ́n máa ṣí i padà, iye náà ti di 62.96. Kí ló ṣẹlẹ̀? Nítorí ìjí ìwé wò, wọ́n da ìbéèrè rú, tó fi jẹ́ pé bébà tó wà níwájú ọmọ yìí kò rí bákan náà pẹ̀lú ti ẹni tó jókòó tì í. Ọgbọ́n tó dáa nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń máàkì ìbéèrè A, B, C, D ti Gẹ̀ẹ́sì, ìdáhùn tí wọ́n fi máàkì rẹ̀ kò bá bébà mu. Ọmọ mú B, B ló tọ̀nà, wọ́n fún un ní odo. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì mílíọ̀nù ọmọ tó ti inú àwọn tó «fìdí rẹmi» bọ́ sínú àwọn tó yege. Orí Gẹ̀ẹ́sì yẹn kan náà ni àwọn ọmọ kan jókòó sí títí ilẹ̀ fi ṣú ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún, tí wọ́n ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù kọ ọ́, torí WAEC ń gbìyànjú kí ìbéèrè má baà jò síta, ìwé ìdánwò wá pẹ́ dé.

Oṣù kẹsàn-án, NECO tiwa níbí gbé tiwọn jáde: 60.26 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ 62.96 ti WAEC lẹ́yìn àtúnṣe. Òṣùwọ̀n méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Èyí tí kò bá ọmọnìkejì ẹ̀ mu ni 38.32, òun náà sì ni èyí tí wọ́n lù nídìí. Nínú iye ọmọ tó yege nínú NECO yẹn, Kano ló ṣáájú, Èkó tẹ̀ lé e, Ọ̀yọ́ ṣe ìkẹta. Àwọn kan ti fẹ́ fi èyí já mínísítà nírọ́, pé ilẹ̀ Hausa àti ilẹ̀ Yorùbá ló ṣáájú. Àwa ò ní lò ó, torí àwọn ọmọ pọ̀ níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, iye tó yege náà gbọ́dọ̀ pọ̀. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ náà la ní kí ẹlòmíì má ṣe, a ò ní ṣe é.

Olùkọ́ kan nínú ẹgbẹ́ wa tó kọ́ nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdánwò ló là wá lọ́yẹ̀. Ó ní ìbéèrè tó dáa kì í ti orí ẹnìkan bọ́ sórí bébà tààrà. Ẹnìkan á kọ ọ́, àwọn mìíì á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ní ìdáhùn méjì tàbí bóyá èdè inú rẹ̀ lọ́ pọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á gbé e fún àwọn ọmọ kan tí kì í ṣe àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò gan-an, láti fi dán ìbéèrè náà wò. Ìbéèrè ni wọ́n ń dán wò o, kì í ṣe ọmọ. Wọ́n á kà á: nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, mélòó ló gbà á? Bí gbogbo wọn bá gbà á, tàbí tí kò sí ẹnìkan tó gbà á, kò wọn nǹkan kan. Wọ́n á tún ya àwọn tó mọ̀wé jù sọ́tọ̀ àti àwọn tó kẹ́yìn sọ́tọ̀. Bó bá jẹ́ pé àwọn tó mọ̀wé ló ń ṣì í, tí àwọn tó kẹ́yìn ń gbà á, ìbéèrè yẹn ló ní àrùn. Wọ́n á tún un ṣe tàbí kí wọ́n jù ú nù. A bi í pé àwọn ọmọ ibo ni wọ́n fi ń dán an wò. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni gbogbo wàhálà wà.

Ó sọ ìtàn kan fún wa. Ní Paris, lọ́dún 1905, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Alfred Binet àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Theodore Simon ṣe ìdánwò láti mọ àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ nílé ìwé. Ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n ń wá, kì í ṣe orúkọ burúkú. Wọ́n tún un ṣe ní 1908, wọ́n tún tún un ṣe ní 1911. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ lò ó, wọn ò kàn túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n sì gbé e fún ọmọ. Lewis Terman ní Yunifásítì Stanford dán an wò lára àwọn ọmọ Amẹ́ríkà, ó pààrọ̀ ìbéèrè, ó fi mìíì kún un, kó tó gbé tirẹ̀ jáde ní 1916. Títí di òní wọ́n ṣì ń tún un ṣe. Òyìnbó sí òyìnbó nìyẹn o! Bí òṣùwọ̀n Paris kò bá lè wọn ọmọ Amẹ́ríkà láì tún un ṣe, báwo ló ṣe fẹ́ wọn ọmọ tó ti Ìkòyí-Ilé dé Minna?

Nàìjíríà náà kì í ṣe aláìmọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ará Amẹ́ríkà kan, Paul Schwarz, ṣiṣẹ́ lórí ìdánwò mímọ ẹ̀bùn àwọn ọmọ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ohun tó rí ni pé bí wọ́n bá kàn gbé ìdánwò ilẹ̀ òkèèrè wá, ọ̀pọ̀ ọmọ ò ní lóye ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe rárá. Ó ní kí wọ́n máa fi ẹnu ṣàlàyé, kí wọ́n yàwòrán rẹ̀ sójú pátákó, kí ọmọ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìyànjú kí ìdánwò gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún tí wọ́n ti sọ èyí fún wa.

Ti èdè abínibí tí bàbá wa sọ yìí náà, wọ́n ti dán an wò. Oṣù kìíní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwé St. Stephen's «A» ní Modákẹ́kẹ́. Kíláàsì kan, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ wọn ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ìyókù fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan tó dá dúró. Kíláàsì kejì, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn fún ọdún mẹ́ta, wọ́n wá bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é. Wọ́n dá wọn jókòó, wọ́n wọ̀n wọ́n. Àwọn ọmọ Yorùbá-ọdún-mẹ́fà kò rẹ̀yìn, wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa jù, títí kan inú Gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ̀. Báyìí ni wọ́n ń wá ẹ̀rí. Fáfúnwá náà padà di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990, orí àga kan náà tí wọ́n jókòó sí lónìí tí wọ́n ń fagi lé ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ èyí tó dùn wá jù. Ọmọ ọ̀kan nínú wa, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ti ọ̀dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n mú un lọ sí ilé ìwé kan nílùú yìí, a ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ní kí ó kọ́kọ́ ṣe ìdánwò láti mọ kíláàsì tó yẹ ẹ́. Wọ́n fi àwòrán hàn án: ìgbálẹ̀, àgbò, àtùpà, kànga. Ọmọ náà dárúkọ gbogbo wọn, kò ṣi ẹyọ kan. Yorùbá ló fi dárúkọ wọn. Odo ni wọ́n fún un. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ọpọlọ rẹ̀ ń falẹ̀, wọ́n jókòó rẹ̀ ti àwọn ọmọ ọdún márùn-ún. Ọmọ yìí kan náà, bó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, á ṣírò ṣéńjì oníbàárà mẹ́ta láì fọwọ́ kan bébà. Kò tíì pé oṣù mẹ́fà tó dé tó fi ń bá àwọn oníbárò dúnàá dúrà ní Hausa. Kí wá ni ìdánwò yẹn wọ̀n? Gẹ̀ẹ́sì ló wọ̀n. Ká ní wọ́n kọ ọ́ pé «ọmọ yìí kò tíì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì», a ò ní bá wọn jà, òótọ́ ni. Ọpọlọ ni wọ́n kọ. Láràárọ̀ ni inú ń run ọmọ náà báyìí bí ọkọ̀ ilé ìwé bá ti ń dún fèrè níta.

Ẹ̀bi tiwa náà wà ńbẹ̀, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Àwa là ń sanwó ilé ìwé tó ń gbé pátákó kọ́ ọmọ wa lọ́rùn, tí à ń fi wọ́n yangàn. Àwa là ń fi Gẹ̀ẹ́sì tó kún fún ihò bá ọmọ sọ̀rọ̀ nílé kí àlejò lè gbọ́. NECO ní ìdánwò Yorùbá, ibí ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà, síbẹ̀ nínú àwọn ilé ìwé tí àwọn ọmọ wa ń lọ, a ò mọ ẹyọ kan tó ní olùkọ́ Yorùbá. Ọmọ á gbọ́ Yorùbá ketekete, kò ní lè fi gba kírẹ́díìtì kan. A ò sì sọ pé kò sí ọmọ tó ń ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n wà, a bí wọn. Gẹ̀ẹ́sì náà, dandan ni kí wọ́n mọ̀ ọ́n, àwa tí a ò mọ̀ ọ́n tó la mọ ohun tí ó ti jẹ wá ní ọjà.

Lẹ́tà la fẹ́ kọ sí NECO, kì í ṣe ti ìjà. WAEC máa ń gbé ìjábọ̀ àwọn olórí olùdánwò wọn jáde, tó ń sọ ibi tí àwọn ọmọ ti kùnà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwa ń bèèrè ni ibi tí ìbéèrè ti kùnà: lẹ́yìn ìdánwò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n jẹ́ kí ayé mọ iye ọmọ tó gba ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, àti èyí tí wọ́n jù nù. Kí wọ́n sì sọ fún wa àwọn ọmọ ibo ni wọ́n fi ń dán ìbéèrè wọn wò, bóyá ọmọ ọlọ́jà Minna wà nínú wọn, àti ọmọ àgbẹ̀ Paiko. Ìdánwò àbáwọlé sí àwọn ilé ìwé ìjọba àpapọ̀, èyí tí àwọn ọmọ pírámárì kẹfà ń ṣe, ọwọ́ wọn náà ló wà. Ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, torí ọmọ kékeré ló ń ṣe é.

Ìpàdé tó ń bọ̀ la ó ka lẹ́tà náà. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ní èsì JAMB, WAEC tàbí NECO ọdún tó kọjá, kó mú ẹ̀dà rẹ̀ wá, kí a lè mọ bí tiwa ṣe rí. Bàbá tí a ń dá lóhùn, a bẹ̀ yín, ẹ wá, ẹ wá jókòó níwájú. Méjì la fẹ́ kọ, ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yorùbá, ẹ̀yin lẹ ó sì bá wa yẹ ti Yorùbá wò.